Ajá Mẹ́ta Inú Lẹ́tà

Ọ̀sán ni. Télọ̀ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fóònù wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ oníbàárà mọ́kànlá sì wà lórí okùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé wà ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà. Lẹ́tà ni ó ń tẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rẹ́ ló ń pè é ní Lọ́yà, kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún ẹnikẹ́ni rí. Orí fóònù ni àwọn méjèèjì ti ń kọ̀wé síra wọn.

LỌ́YÀ: Súùtù dúdú mi dà? Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Irú wa kì í wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán.

TÉLỌ̀: Ó ku apá kan. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tó ju súùtù lọ. Onílé mi fi lẹ́tà lọ́yà ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ọjọ́ méje. Bí mo bá kó jáde, ibo ni kí n gbé ẹ̀rọ yìí sí? Orí mi?

LỌ́YÀ: Fara balẹ̀. O ní irú mi lọ́rẹ̀ẹ́, o tún ń bẹ̀rù lọ́yà. Ya fọ́tò rẹ̀ kí n rí i.

Fọ́tò dé. Lẹ́tà inú rẹ̀ kò lórí, bẹ́ẹ̀ ni kò lẹ́sẹ̀.

LỌ́YÀ: Orí ìwé dà? Ibẹ̀ ni orúkọ lọ́yà máa ń wà.

TÉLỌ̀: Mo ti gé e. Ìwé náà nípọn dáadáa. Mo fi ṣe bátánì ọrùn ẹ̀wù ọmọdé.

LỌ́YÀ: Kí o tó kà á?

TÉLỌ̀: Oníbàárà dúró lé mi lórí. Mo ti rí ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ méje sí, ìyẹn ti tó mi kà.

LỌ́YÀ: Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?

TÉLỌ̀: Áyọ́ọ̀nù wà lórí rẹ̀, ó ṣì gbóná. Ìlà kẹrin ló ń dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní kí n kó ara mi, ìyàwó mi àti ajá mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Èmi ò níyàwó, mi ò sì lájá. Ṣé kí n tètè lọ yá ajá mẹ́ta ni, kí wọ́n má baà sọ pé mo tàpá sófin?

Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí àwọn tó wà nítòsí fi gbójú sókè. Ó kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti ju ohun tí ìka lè tẹ̀. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fóònù sẹ́nu, ó sọ ọ́ bó ṣe rí lára rẹ̀, ó sì fi ohùn náà ránṣẹ́.

LỌ́YÀ: "Gbọ́ mi. Ọ̀lẹ paraku ni ẹni tó tẹ lẹ́tà yìí. Lẹ́tà ayálégbé mìíràn ló ṣí, ó pa orúkọ tonítọ̀hún rẹ́, ó kọ ayálégbé lásán dípò orúkọ rẹ, ó gbàgbé ajá sínú ẹ̀. Lọ́yà tó buwọ́ lù ú náà kò kà á. Lọ́yà kì í kàwé mọ́ tó bá ti yege ìdánwò, ibi tí wọ́n máa buwọ́ lù nìkan lojú wọn ń rí. Ìwé àdéhùn rẹ ní kí wọ́n fún ọ ní oṣù mẹ́ta kí o tó kó jáde, wọ́n kọ ọjọ́ méje. Ṣọ́ọ̀bù lo gbà, wọ́n pè é ní ilé gbígbé. Lẹ́tà yìí ò lè lé adìẹ kúrò lórí ààtàn."

TÉLỌ̀: Ṣé mi ò ní kó jáde nìyẹn?

LỌ́YÀ: O ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan. Fún wọn lésì. Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí o sọ ọ́.

TÉLỌ̀: Láìyọ nǹkan kan?

LỌ́YÀ: Ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀.

Télọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ìwé. Ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tẹ fóònù fún ìgbà díẹ̀.

LỌ́YÀ: Ya ìsàlẹ̀ náà fún mi. Ní ọ́fíìsì lọ́yà, ẹni tó bá tẹ lẹ́tà máa ń fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ méjèèjì sí igun, lọ́wọ́ òsì, kí ọ̀gá lè mọ ẹni tí wọn yóò bú. Mo fẹ́ mọ ewúrẹ́ náà.

Fọ́tò kejì dé. Áyọ́ọ̀nù ti jó ìwé náà díẹ̀, ṣùgbọ́n igun òsì mọ́ gaara. Lórí fóònù Télọ̀, ó hàn pé Lọ́yà ń kọ̀wé. Ó dúró. Ó tún ń kọ̀wé. Ó tún dúró.

TÉLỌ̀: Ṣé o mọ̀ ọ́n?

LỌ́YÀ: Mo tún lẹ́tà náà kà. Ó dára.

TÉLỌ̀: Kí ló dára níbẹ̀?

LỌ́YÀ: Gbogbo rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọṣẹ́. Mò ń bá ọ ṣeré lẹ́ẹ̀kan ni.

TÉLỌ̀: Ajá ńkọ́?

LỌ́YÀ: Èdè òfin ni. Ẹrù ni òfin ń pè bẹ́ẹ̀.

TÉLỌ̀: Ìyàwó ńkọ́?

LỌ́YÀ: Ẹ̀rọ ìránṣọ.

TÉLỌ̀: Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ajá. Ẹrù mi ju mẹ́ta lọ.

LỌ́YÀ: Di gbogbo rẹ̀ sí mẹ́ta.

TÉLỌ̀: Oṣù mẹ́ta inú ìwé àdéhùn wá ńkọ́?

LỌ́YÀ: Ọjọ́ méje ti pọ̀ jù fún àpọ́n. Ọ̀rẹ́ mi, kó jáde. Má fún ẹnikẹ́ni lésì. Èmi fúnra mi á wá bá ọ gbé ẹ̀rọ.

Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀. Kò gba Lọ́yà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin láti tà á.

TÉLỌ̀: Ohùn tí o fi ránṣẹ́ ti parẹ́ níbí o.

LỌ́YÀ: Fóònù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

TÉLỌ̀: Kò burú. Mo ti fi ránṣẹ́ kó tó parẹ́.

LỌ́YÀ: Sí ta?

TÉLỌ̀: Sí lọ́yà tó kọ lẹ́tà. Nọ́ńbà wọn ló wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. O ní ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Bí mo bá ní kí n kọ ọ́ fúnra mi, mo lè ṣì í kọ. Mo kúkú fi ohùn rẹ gan-an ránṣẹ́.

Kò sí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́yà jókòó síbẹ̀ náà. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé ọ̀lẹ paraku ni. Ohùn náà dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

TÉLỌ̀: Wọ́n ti fún mi lésì. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n ní gbogbo ohun tí o sọ ló tọ̀nà, pé àwọn ti gba lẹ́tà náà padà. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ.

LỌ́YÀ: Kí ni wọ́n tún sọ?

TÉLỌ̀: Wọ́n ní ẹni tó ń tẹ lẹ́tà fún àwọn ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lónìí.

LỌ́YÀ: Òun ló sọ bẹ́ẹ̀?

TÉLỌ̀: Rárá o. Wọ́n ní ẹni náà fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀. Wọ́n ń wá ẹlòmíràn báyìí.

Lọ́yà dìde nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

TÉLỌ̀: Mo ti fún wọn ní nọ́ńbà rẹ. Mo ní o mọ iṣẹ́ náà ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ.