Ẹjọ́ Yẹ̀kínì Tí Kì Í Sọ̀rọ̀ Lóko Àáró

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ wa lánàá. Ààfin ni mo pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá mẹ́ta àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípáànù ni. Kí ará Tápà, ìlú tó múlé tì wá, má fi wá rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹjọ́ tiwa.

Búrẹ́mọ̀, olórí ẹgbẹ́ àáró wa, ló pe Yẹ̀kínì lẹ́jọ́. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ẹgbẹ́ la jọ máa ń ro oko ẹnì kan lónìí, kó tó kan ti ẹlòmíràn. Yẹ̀kínì ti bá gbogbo wa ro tiwa tán. Òní ló yẹ kó kan oko ẹ̀gẹ́ tirẹ̀, tí koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Búrẹ́mọ̀ wá rí i pé ó yẹ ká yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n àna mi ni Búrẹ́mọ̀, mo fọwọ́ lẹ́rán.

"Kí ló ṣe?" Baálẹ̀ béèrè.

"Kò ṣe nǹkan kan, Baálẹ̀. Ohun tó ń dùn wá gan-an nìyẹn. A ń ṣàwàdà lóko, kò dá sí i. A dá orin, kò bá wa gbè é. Ká tó parí ìtàn kan, ó ti ro ìlà tirẹ̀ dópin, ó wá ń sọ àwa yòókù di ọ̀lẹ."

Baálẹ̀ yíjú sí Yẹ̀kínì. Yẹ̀kínì dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbójú sókè wo páànù. Adìẹ kan wọlé, ó tún jáde, a ṣì ń retí èsì Yẹ̀kínì.

"Ẹ má bínú, Baálẹ̀," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ìyàwó mi ló ń sọ ọ̀rọ̀ tèmi mọ́ tirẹ̀. Kí n tó jí, ó ti sọ ọ́ tán."

Rùkáyyàh, ìyàwó rẹ̀, ti dìde kí wọ́n tó pè é. Ó ní irọ́ ni, ọkọ òun a máa sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Ta ló ń bá sọ ọ́?"

"Ewúrẹ́ wa."

"Kí ló ń sọ fún un?"

"Baálẹ̀, ewúrẹ́ náà ò jẹ́ sọ fún mi."

Hàkímù ni ẹlẹ́rìí Búrẹ́mọ̀. Ó ní agbéraga ni Yẹ̀kínì. Ó ní lọ́jọ́ tí òun jókòó tì í tí òun ń sunkún, kò la ẹnu.

"Kí lo ń sunkún fún?"

"Ìyẹn wà láàrin èmi àti Bàbá Tàófíìk." Ó nawọ́ sí Yẹ̀kínì.

"Agbéraga yẹn náà?"

"Agbéraga ni, Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó gbọ́ mi tán. Títí dòní, ẹlòmíràn ò gbọ́ ọ."

Ọ̀tún, tó jókòó ti Baálẹ̀, ní kí wọ́n lé e ṣá, pé kí ni èèyàn ń fi odi ṣe lẹ́gbẹ́.

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Yẹ̀kínì, mo dá ọ lẹ́bi. Wọ́n ní o kì í sọ̀rọ̀. Ó dáa, dúró síbẹ̀, kí o sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti fi lọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí o ti ń dákẹ́. Dárúkọ oníkálukú."

Yẹ̀kínì ronú. "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Bàbá Ọ̀tún?"

Ọ̀tún ní ara òun ò yá. Búrẹ́mọ̀ ní òun ò ṣe ẹjọ́ mọ́. Èmi náà rántí ohun tí mo sọ fún Yẹ̀kínì nípa Búrẹ́mọ̀, mo rọra ń sún sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìdájọ́ nìyí," Baálẹ̀ ní. "Ẹ óò ro oko rẹ̀ lọ́la, láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, Yẹ̀kínì náà yóò sọ àṣírí rẹ̀."

Láàárọ̀ òní, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé ọkọ́ wá. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí. A ń ro oko lọ, a ò gbọ́ nǹkan kan àyàfi ìró ọkọ́, títí Búrẹ́mọ̀ fi nà ró láti sinmi díẹ̀.

Yẹ̀kínì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wa tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, Baálẹ̀ ló ṣíwájú.