Kò Sí Àmín Fún Iṣẹ́ Tuntun Mọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ìyeyè, lọ́kùnrin lóbìnrin! Ẹni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́wọ́, kí ó dúró. Ẹni tó ń gbèrò láti gbẹ́ ẹ, kí ó jókòó. Kábíyèsí ló rán mi!

Ẹ mọ Oyèdìran ẹ̀yìn ọjà, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Lọ́dún tó kọjá, atẹ́gùn ṣí òrùlé ilé ìdáná Morádékẹ́, aya rẹ̀. Oyèdìran ra páànù. A kí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó kàn án, ọ̀rọ̀ ọ̀sìn ìgbín wọ̀ ọ́ lórí, ó sì fi páànù náà bo ilé ìgbín. Lẹ́yìn náà, ó gbẹ́ kòtò ẹja. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fèrè.

Ìgbín, tí ó fẹ́ràn òjò, ń gbé lábẹ́ páànù. Morádékẹ́, tí kò fẹ́ràn òjò, ń dáná lábẹ́ agboòrùn. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni òjò ti pa iná mọ́ ọn lójú. Òjò ọdún yìí sì ti ń ṣú!

Ǹjẹ́ ọwọ́ àwa náà mọ́? Rárá o! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó pè wá sí ìfilọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a jẹ bísíkíìtì rẹ̀, tí a ṣe àmín. Àmín tèmi ló ròkè jù.

Nítorí náà, òfin dé! Ó dé o!

Èkíní: Ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun, àfi bí ó bá fi ohun kan tí ó ti parí hàn ní ààfin. Kí a fi ojú rí i. Kí a fi ọwọ́ kàn án.

Èkejì: Bí ó bá ní òun fẹ́ dá nǹkan sílẹ̀, ẹ má ṣe àmín. Mo tún un sọ: kò sí àmín! Ẹ bi í pé, "Èwo lẹ ti parí?"

Ẹ̀kẹta: Ẹni tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ mẹ́rin, kí ó kúrò nínú mẹ́ta. Bí kò bá rántí orúkọ wọn, kí ó kúrò nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ẹni tó bá jẹ bísíkíìtì ìfilọ́lẹ̀ ni yóò máa pọn omi síbi iṣẹ́ náà títí yóò fi parí.

Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọjà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Yóò máa ka gbogbo ohun tí kò parí fún ẹni tó bá ń kọjá. Ẹni tó ń kọjá kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, àfi tó bá kọjá tán!

Láàárọ̀ yìí, wọ́n pe Oyèdìran sí ààfin kí ó wá kọ́kọ́ gbọ́. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní òfin náà dára púpọ̀. Ó ní òun tilẹ̀ fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ máa parí nǹkan, òun ni yóò sì ṣe alága. Ará ìlú, ẹnu àwọn ìjòyè ti là láti ṣe àmín!

Morádékẹ́, tó bá ọkọ rẹ̀ wá, ló kúnlẹ̀. Ó ní òun ti tú páànù kúrò lórí ìgbín láti àná. Ó ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ má gbàdúrà fún wa mọ́. Ẹ fún wa lẹ́ni tí yóò di àkàbà mú."

Ìjòyè méjì ló di àkàbà mú báyìí. Oyèdìran wà lókè ilé ìdáná, òòlù lọ́wọ́, ìṣó lẹ́nu. Kò lè sọ pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ẹni tó bá ní ìṣó nílé, kí ó sáré gbé e wá kí tẹnu rẹ̀ tó tán!

Ẹnu Kábíyèsí ló sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi ló gbé e kiri. Ó parí o!