Má Fọwọ́ Kan Nọ́ọ̀tì Yẹn

Mo fi eyín díẹ̀ tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu búra pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Lórí bẹ́ǹṣì ìta ṣọ́ọ̀bù Sànúsí ni mo jókòó sí ní Boukoki, àdúgbò kan ní Niamey, lábẹ́ igi dóńgóyárò, nígbà tí àwọn alábàárù mẹ́rin ti ọkọ̀ Àlàájì Sùfíyánù dé, tí òun fúnra rẹ̀ wà níwájú tó di ìdarí mú bí ẹni tí ń wakọ̀ lóòótọ́.

Sùfíyánù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ ló ń tà. Píjò rẹ̀ dàgbà ju ìyàwó rẹ̀ kékeré lọ, òun ló sì fẹ́ràn jù. Sànúsí, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Niamey, rewáyà ni. Ó mọ iṣẹ́ iná ọkọ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, èyí tó burú jù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ Sùfíyánù lórúkọ ní àdúgbò Talladjé. Àgbò ìsọmọlórúkọ wà nínú bùútù. Bí àgbò yẹn kò bá dé kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà, àna rẹ̀ kan, ọmọ Zarma tó ń jẹ́ Boubacar, ti so àgbò tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Yóò dú u, yóò sì sọ ọmọ náà ní orúkọ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Àlíyù, orúkọ bàbá Sùfíyánù tó ti kú, ni Sùfíyánù ti ń pa mọ́ de ọmọ yìí. Takisí kò sí. Ọdún tí ẹgbẹ́ òṣèlú ń hù bí olú ni, ọ̀kan nínú wọn sì ti háyà gbogbo takisí lọ sí ìpàdé.

"Àlàájì, ẹ kú ọkọ̀ títì," Sànúsí wí. Kò dìde, gíláàsì tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọkọ̀ yín ti di akàn. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló fi ń rìn."

"Má bá mi ṣàwàdà. Bátìrì tuntun ni mo rà sí i. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ní kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó dákẹ́."

"Bátìrì tuntun nínú eléyìí? Ẹ fi eyín wúrà sẹ́nu òkú."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀ bí alápatà ṣe ń wo ewúrẹ́ tó rù. Lójú ẹsẹ̀ ló ti ní ẹ̀rọ tí ń ṣáájì bátìrì ti kú. Sùfíyánù ní kò lè kú, torí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ní Banifandou. Sànúsí ní á jẹ́ pé òkú ni wọ́n fi pààrọ̀ òkú.

"O ò tíì fọwọ́ kan án, o ti sin ín," Sùfíyánù wí. "Ṣé imú lẹ̀yin ará Ìlọrin fi ń wo ọkọ̀ ni?"

Èyí dun Sànúsí. Ó ní kí àwọn alábàárù tún ti ọkọ̀ náà kó lè jí. Ó jí, ó ń wúkọ́. Sànúsí mú tẹ́sítà rẹ̀, gílóòbù kan tó ní ìrù wáyà méjì, ó fi kan ẹ̀rọ ṣáájì: iná tàn bí ọjọ́ Ìtúnu. Ó gbé e sórí bátìrì: iná rọ bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ tún kú.

Sànúsí gbà pé ẹ̀rọ ò kú o, ṣùgbọ́n ó gbà á bí ẹni pé òun ló jí i dìde. "Ẹ̀rọ ń se oúnjẹ, bátìrì ò rí jẹ. Iná tó bá jáde lára bátìrì gbọ́dọ̀ rọ́nà padà sílé, Àlàájì. Ara irin ọkọ̀ ni ọ̀nà ilé rẹ̀. Wáyà dúdú yìí, tí wọ́n ń pè ní màásì níbí, òun ló so bátìrì mọ́ irin náà. Ẹ jẹ́ n tú nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ irin wò."

Sùfíyánù fi àtẹ́lẹwọ́ bo nọ́ọ̀tì náà.

"Fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀. Má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì yẹn."

"Kí ló dé? Ṣé ó ń sùn ni?"

"Mo ní má fọwọ́ kan án."

"Mo mọ ọkùnrin kan tó ní kí dókítà má wo ojú egbò òun," Sànúsí wí. "Mo mọ ibi tí wọ́n sin ín sí pẹ̀lú."

Sùfíyánù ní ẹnu nìkan ni àwọn ará Ìlọrin fi ń ṣiṣẹ́. Ó pàṣẹ kó yẹ gílóòbù wò, kó yẹ fíúsì, kó yẹ hóònù. Sànúsí yẹ gbogbo rẹ̀ wò pẹ̀lú ìtẹríba tó burú ju èébú lọ. Ó yẹ wáípà tí kò sẹ́ni tó bi í. Ó nu díńgí. Ó wá béèrè bóyá kí òun ka eyín àgbò. Oòrùn sì ń gùn. Òjìji dóńgóyárò ti kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

Níkẹyìn, Sànúsí mú wáyà tó nípọn bí ìka, ó so orí kan mọ́ ẹnu bátìrì tí wáyà dúdú wà, ó fi orí kejì kan irin ẹ́ńjìnnì.

"Yí i," ó wí fún ọ̀kan nínú àwọn alábàárù, torí ọwọ́ Sùfíyánù ṣì wà lórí nọ́ọ̀tì.

Ọkọ̀ ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jí. Sànúsí ní kí wọ́n pa á. Ó yọ wáyà rẹ̀, ó ní kí wọ́n tún yí i: kẹ́, kẹ́, kẹ́.

"Ẹ gbọ́ ọ. Ibi tí ẹ fọwọ́ bò gan-an ni àìsàn wà."

"Fi wáyà tìrẹ sílẹ̀ lára rẹ̀, kí n máa lọ."

"Wáyà tí mo fi ń jẹun? Ní gegele àkọ́kọ́ lọ́nà Talladjé ló máa já sílẹ̀. Ẹ̀yin àti àgbò, ẹ óò wá máa ti ara yín."

Ní mọ́ṣáláṣí ìtòsí, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu gbohùngbohùn láti dán an wò fún ìpè Àìlà. Sùfíyánù wo òkè. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Sànúsí tú nọ́ọ̀tì. Láàárín orí wáyà àti irin ọkọ̀, ó fi ìka méjì fa nǹkan kan jáde: awọ pupa tí wọ́n rán yíká, tó ti fẹ̀ pẹlẹbẹ bíi kílíṣí.

"Kí lèyí?"

"Tírà ni. Kí olè má baà gbé ọkọ̀."

"Awọ ni. Iná kì í gba inú awọ kọjá. Ẹ mọ ògiri dí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ tán, ẹ wá ń ra bátìrì kiri." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó yíjú sí mi kí n lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. "Ọ̀dẹ̀ wo ló ní kí ẹ fi síbẹ̀? Ẹni tí kò mọ Kùránì, tí kò mọ ọkọ̀, tó wá ń gbàdúrà lórí méjèèjì. Ẹ júwe rẹ̀ fún mi, kí n bá yín lọ wo irú orí tó gbé."

"Bàbá rẹ ni," Sùfíyánù wí. "Alfa Àbdùlkàdírì. Ó ní kí n fi sáàárín irin méjì tí kì í ya ara wọn."

Mo gbójú sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí wo ewé dóńgóyárò. Kò sẹ́ni tó tíì wo ewé bẹ́ẹ̀ rí.

"Tún un wí," Sùfíyánù wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Irú orí wo lo ní ó gbé? Mo fẹ́ jíṣẹ́ náà pé pérépéré."

Sànúsí gbé gíláàsì rẹ̀, ó mu tíì tí kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó gbé e sílẹ̀.

"Iṣẹ́ bàbá mi ò yingin, Àlàájì. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní lè gbé ọkọ̀ yìí lọ. Kò yọ ẹ̀yin sílẹ̀ níbẹ̀."

Sànúsí fi pépà oníyanrìn gbo irin náà títí ó fi ń dán, ó de wáyà mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Sùfíyánù yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ bú bíi kìnnìún. Tẹ́sítà kan bátìrì, iná la ojú rẹ̀ rekete. Sùfíyánù jókòó sídìí ìdarí, tírà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò fi sí.

"Ṣé ọkọ̀ yìí ò wá láàbò mọ́ báyìí?"

"Rárá o, Àlàájì. Olè lè gbé e nígbàkigbà," Sànúsí wí, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Ẹ tètè gbé e kó tó dé."

Sùfíyánù nawọ́ jáde, ó dúpẹ́, ó súre fún un, ó kọrí sí Talladjé. Àlíyù ni ọmọ náà ń jẹ́ títí dòní, àgbò Boubacar sì rí koríko jẹ títí di Iléyá.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ibi tí mo ní Sùfíyánù ti dúpẹ́ nìkan ni mo bá a fi kún un.