Ọkọ̀ Lágúnjú Dọ̀bálẹ̀

Lágúnjú jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Kò ga. Ìyẹn ló fi ra píkọ́ọ̀pù tó ga. Tó bá jókòó sínú rẹ̀, gbogbo àdúgbò Ìrémọ ló ń rí fìlà rẹ̀. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, òun àti ewúrẹ́ ló ń wo ojú ara wọn. Gíga-lórí-táyà ni àwọn ọmọ ilé ń pè é. Òun rò pé oríkì ni.

Ó fẹ́ di mọ́gàjí ilé wọn. Ṣùgbọ́n nílé náà, ẹni tó bá fẹ́ jẹ mọ́gàjí gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tó dàgbà jù, lójú gbogbo ẹbí. Ìyá Hàjàrá ni obìnrin náà. Lágúnjú kò sì fẹ́ kí léèsì funfun tó rán fún ọjọ́ náà kan ilẹ̀.

Ló bá gbé ọkọ̀ lọ bá Adésọjí mẹkáníìkì.

"Bá mi sọ iwájú rẹ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ kó dà bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Òun ló máa bá mi kí ìyá."

"Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá?"

"Ta ló ni ọkọ̀?"

Irin gígùn méjì ló wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, àwọn ló gbé iwájú rẹ̀ dúró. Tí wọ́n bá dẹ bóòlùtì tó di irin yìí mú, iwájú á sọ̀ kalẹ̀. Adésọjí dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

"Ó kù," Lágúnjú ní.

"Bàbá, tó bá ju báyìí lọ, ikùn rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀."

"Ikùn ẹni tó dọ̀bálẹ̀, ibo ló yẹ kó wà?"

Adésọjí kọ̀. Lágúnjú gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó délé, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó dẹ bóòlùtì méjèèjì títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ pé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ẹbí jókòó síwájú ilé. Lágúnjú ń bọ̀, àgbò ńlá tó rà ní Sábó fún àsè oyè wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Bọ́ǹpù kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé. Lágúnjú fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n mọ ọ́n, kó ga dáadáa, kí àwọn ọlọ́kadà lè rọra kọjá, kí wọ́n ráyè wo ọkọ̀ òun.

Táyà iwájú gùn ún, ó sọ̀ sí òdìkejì. Ikùn ọkọ̀ bá jókòó lé bọ́ǹpù, gbà.

"Lágúnjú," Ìyá Hàjàrá ní, "kí ni ọkọ̀ ń ṣe yẹn?"

"Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún yín ni, ìyá."

"Mo ti rí i. Ní kó dìde."

Táyà ẹ̀yìn ń fọ́n ẹrẹ̀. Ọkọ̀ ò mira.

Bọ́látitó àbúrò Lágúnjú ní, "Ẹ jẹ́ ká pe mẹkáníìkì."

"Mẹkáníìkì wo? Ọwọ́ mi ni mo fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Ó dáa," ìyá ní. "Fi ọwọ́ náà gbé e dìde."

Lágúnjú mú sípánà. Ó bẹ̀rẹ̀, kò rí bóòlùtì. Ó kúnlẹ̀, kò rí i. Ló bá nà gbalaja sínú ẹrẹ̀ tòun ti léèsì, orí rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ìdí rẹ̀ lójú ẹbí.

Ìyá wò ó dáadáa.

"Àṣé ó mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀. Ọkọ̀ ló wá ń kí."

Bọ́látitó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ níbi tó yẹ. Ìyá súre fún un, ó di mọ́gàjí. Wọ́n wá ní kí wọ́n sọ àgbò kalẹ̀, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n pa á.

Gààrí ni Lágúnjú mu lálẹ́ ọjọ́ náà. Òórùn ẹran àgbò náà ló fi mu ún.