Bátìrì Tí Ọ̀fun Rẹ̀ Tínrín

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Ìbídùnní tó ń ta ẹja ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ṣí fírísà rẹ̀, ó rí i pé páálí ẹja mẹ́fà tí ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ó tọ́jú fún ìkórè ọjọ́ Àìkú ti ń rọ̀. Ó sáré bọ́ sẹ́yìn ìsọ̀, níbi tí Lawrence, ẹnjinía tó gbé bátìrì ńlá wá fún gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn, ti dúró ti bátìrì náà. Bátìrì náà ga tó kọ́bọ́ọ̀dù.

"Lawrence! Fírísà mi ti kú!"

"Kò kú, Mọ́mì. Bátìrì ló ti ara rẹ̀ pa."

"Ó ti pa ara rẹ̀? Kí la fi ṣe é?"

"Ó ti ara rẹ̀ pa ni mo wí, bí ẹ ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Agbára tí ẹ̀rọ ìlọta Sherifat, aládùúgbò ìsọ̀ yín, ń fà lójijì ló pọ̀ jù."

"Àgbàrá? Òjò wo ló rọ̀?"

"Agbára, Mọ́mì! Kì í ṣe àgbàrá."

"Èyí ó wù kó jẹ́, ẹja mi ti ń lúwẹ̀ẹ́."

Lawrence nu òógùn ojú. Ó nàka sí iná wínníwínní mẹ́rin tó wà lára bátìrì. Méjì ló ń tàn.

"Ẹ wò ó, ó ṣì kún dé ìdajì."

"Ó kún dé ìdajì, ó sì ní òun ò fún wa? Ahun!"

"Kì í ṣe ahun. Ẹ fi wé táǹkì omi tó tóbi bí ilé, tó jẹ́ ẹnu kékeré kan ló ní. Bí ogún èèyàn bá gbé korobá dé lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

"Wọn á jà."

"Kí wọ́n má baà jà ló ṣe ti ẹnu rẹ̀ pa."

Àlàyé náà dùn létí Ìbídùnní, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú etí ló fẹ́ kó ẹja sí.

"Kí ló dé tí kò tilẹ̀ kún tán? Ṣebí uná wá lánàá."

"Ogójì ìṣẹ́jú ló lò. Wákàtí mẹ́jọ ni bátìrì yìí fi ń kún."

"Wákàtí mẹ́jọ! Ṣé ṣíbí ni wọ́n fi ń bọ́ ọ ni?"

"Bí a bá fi ipá rọ ọ́ yó, á gbóná, ẹ̀mí rẹ̀ á kúrú."

"O mọ̀ pé uná wa kì í lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, o wá lọ gbé èyí tó ń jẹun bí ọba wá?"

"Ikùn rẹ̀ ni mo wò, Mọ́mì. Òun ni ikùn rẹ̀ tóbi jù."

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe wo ikùn kí n tó fẹ́ ọkọ mi. Mo ṣe bí ẹ̀rí ọrọ̀ ni."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Lawrence. Ó rí ojú ìyá náà, ó gbé e mì.

"Àwọn bátìrì kan wà tó ń yára gbà, tó sì ń yára tú jáde."

"Mo mọ̀ wọ́n. Àdùnní ni, àbúrò ọkọ mi l'Óǹdó. Ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ l'Óǹdó láàárọ̀, kí oòrùn tó kàntàrí, Àkúrẹ́ ti gbọ́."

"Irú rẹ̀ gan-an! Ṣùgbọ́n ikùn tiwọn kéré, wọ́n tètè ń tán."

"Àdùnní ò tíì tán láti ọdún mẹ́rìnlá."

Ìbídùnní ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Gbọ́, ọmọ mi. Ìkòkò kan ni mo fi bọ́ ọmọ mẹ́fà. Alájẹkì ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ kówọ́ bọ̀ ọ́. Yọ ẹ̀rọ ata kúrò níbẹ̀. Kí Sherifat máa lọ ata nígbà tí àwọn oníná bá mú uná wá. Fírísà kì í fi ipá fà, díẹ̀díẹ̀ ló ń mu."

"Sherifat á bínú o."

"Ata tí wọn ò tíì lọ̀ kì í rùn lọ́jọ́ kan. Ẹja ńkọ́?"

Lawrence fa wáyà ẹ̀rọ ata yọ, ó tẹ bọ́tìnnì. Fírísà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù. Ìbídùnní sáré lọ ki ọwọ́ bọ àárín páálí kan: yìnyín ṣì wà níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

Lójijì ni ọjà hó yè: iná ti dé! Lawrence fò mọ́ bátìrì, ó yí bọ́tìnnì rẹ̀ sí ibi tó ti ń gba iná. Kó tó kà dé mẹ́ta, iná ti lọ. Ọjà pòṣé.

"Ẹnjinía, ṣé ó rí nǹkan jẹ?"

"Mọ́mì, orí àdúrà oúnjẹ ló wà tí wọ́n fi gbé àwo lọ."