Ìyá Olúyínká, Adájọ́ Fíìmù Jakande

Ẹ bá mi kí Àjíbíkẹ́, ìyá Olúyínká, Àjànàkú-ìwòran, Adájọ́ tí kò mọ a-bí-dí tó ń máàkì iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ní Jakande Ìsọlọ̀, kò sí fíìmù Àyànníyì Ọlánípẹ̀kun, àgbà òṣèré, tí màmá ò tíì gbé sórí ìwọ̀n.

Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ò mọ̀ ni pé, kí fíìmù tó kọ orúkọ àwọn òṣèré tán, oorun á ti gbé màmá lọ. Àwa arúgbó, bí ẹ̀yìn wa bá ti kan tìmùtìmù, ó parí. Awò ojú dúdú tó ń lò bí gbajúmọ̀ ló ń bo àṣírí. Kò sì ká a lára. Àlọ́ abẹ́ òṣùpá ni wọ́n fi tọ́ ọ: bí ìjàpá bá ti yọjú, ìtìjú ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọlánípẹ̀kun ni ìjàpá tirẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ṣe olówó ẹlẹ́nu gbọọrọ nínú fíìmù, tó ń yí nílẹ̀ bẹ̀bẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bí màmá bá jí, ohun tó máa ń sọ nìyẹn, kì í sì í tàsé.

Ọlánípẹ̀kun wá ń gbé fíìmù tuntun bọ̀ ní gbọ̀ngàn ẹ́síteètì. Sirajudeen, alága ẹ́síteètì, ṣèlérí pé bí ìdájọ́ màmá bá dùn, wọn á fi í jẹ oyè Ìyá Adájọ́, iwájú pátápátá ni àga rẹ̀ á máa wà. Màmá ní kí àwọn ará búlọ́ọ̀kù òun ti máa kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè mọ́ orúnkún wọn lára.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n pa iná, atẹ́gùn ẹ́síì, ẹ̀rọ amúlétutù, fẹ́ yẹ́ẹ́, ó di gbére fún màmá. Àtẹ́wọ́ ìparí fíìmù ló jí i. Alága ti gbé máìkì sí i lẹ́nu.

Ọládùnní, aládùúgbò rẹ̀ tó jókòó tì í, fa ìró rẹ̀, ó fẹ́ rọra sọ nǹkan sí i létí. Màmá gbá a lọ́wọ́ dànù. Ìlara ò dáa.

"Ọlánípẹ̀kun, ọmọ mi," ló wí, "ẹnu rẹ ti pọ̀ jù. Jẹ́ kí àwọn yòókù náà rí ọ̀rọ̀ sọ. Ibi tó o ti ń yí nílẹ̀, tó ò ń bẹ ìyàwó yẹn, ìyẹn nìkan ló pa mí lẹ́kún."

Òṣèré dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ ṣeun. Òkú ni mo ṣe. Inú pósí ni fíìmù ti bá mi, inú ẹ̀ náà ni wọ́n sin mí sí. N ò la ẹnu rárá."

Màmá ò tíì gbà. Ó ní bóyá kó tó kú ló sọ ọ́.

"Ó ti kú kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, Màmá," ni Ọládùnní wí, kò sì rọra sọ ọ́ mọ́.

Abdulmajeed, mẹkáníìkì kan láti Mafoluku, wá dìde lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ lójú fíìmù lòun ti ń gbọ́ ìhanrun, òun sì ti ń bú Ọlánípẹ̀kun nínú pé irú òkú wo nìyí.

Ẹ̀rín gba inú gbọ̀ngàn. Alága gba máìkì. Ó ní ẹni tó fetí sílẹ̀ tó Abdulmajeed ni oyè tọ́ sí, kó máa bọ̀ níwájú.

Màmá di ojú mọ́ inú awò dúdú, ó ń bẹ oorun kó tètè wá gbé òun lọ. Oorun tó ń wá láìpè ni, lọ́jọ́ tó pè é, kò jẹ́.