Ẹ́ńjìnì Tí Lazarus Nìkan Mọ̀

Ẹgbẹ́ apẹja kan ní etí ọ̀sà Bàrígà ní ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, Lazarus nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú un ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, tó wà ní ilé ìwòsàn Igbóbì, ọkọ̀ dúró gbagidi, ẹja ń fi gbogbo ẹgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní báyìí, ìyàwó rẹ̀ ti bímọ ọkùnrin sí Máhín, ìsọmọlórúkọ kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé kò ní í gbéra àfi tí Ezekiel, ẹni tí wọ́n yàn kó kọ́, bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn méjèèjì jókòó sínú ọkọ̀ láàárọ̀. Ẹrù Lazarus ti wà níbẹ̀.

"Ezekiel, fetí sílẹ̀. Dẹ ìdérí táǹkì díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, kí o fa okùn yìí. Ó parí."

Ezekiel ṣì ń wò ó lẹ́nu.

"Ìyókù ńkọ́, bùọ̀dá?"

"Ìyókù wo?"

"Ẹ máa ń kàn án lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ó kọ orin ìjọ. Ẹ ó tẹrí ba, ẹ ó sọ nǹkan sí i létí."

Ojú ti Lazarus. Ọdún méjì ló ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà lọ síbi ìdérí táǹkì. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀ ni wọ́n ń bu ẹja ńlá fún.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Mo fi ń tàn yín ni."

"Ẹ fi ń tàn wá?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó ní kí n wá máa tún àwọ̀n ṣe bíi tàwọn yòókù."

Ezekiel mirí. Àánú Lazarus ṣe é.

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹgbẹ́ ti pín iṣẹ́ fún wa. Ẹ̀yin ni olùkọ́, èmi ni akẹ́kọ̀ọ́, Màmá Sabina, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni yóò máa rán wa létí tá a bá gbàgbé. Bí mo bá ní ìdérí táǹkì lásán lẹ fi hàn mí, wọ́n á ní ẹ ti tún fi ti inú, àṣírí rẹ̀ gan-an, pamọ́."

"Kò sí ti inú."

"Ẹni tó ní ti inú ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Lazarus wo oòrùn. Ọkọ̀ ńlá tí yóò gbé e relé ń bẹ ní Èbúté Èrò, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí òun kò bá tètè dé, bàbá ìyàwó òun ni yóò sọ ọmọ lórúkọ, Mẹ̀túsẹ́là ló sì wà lẹ́nu bàbá náà.

"Ó dáa. Ti inú wà. Kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kọrin, kí o sọ sí i létí pé..." Kò tilẹ̀ rántí ohun tó máa ń sọ. "Kí o kí i káàárọ̀."

"Ṣé 'ẹ' ni kí n lò fún un àbí 'ìwọ'?"

"Owó gbogbo ẹgbẹ́ la fi rà á. Lo 'ẹ'."

"Ẹ ṣeun, bùọ̀dá. Ìsinsìnyí lẹ ń kọ́ni. Ẹ ṣe é kí n wò."

Ìkánjú mú kí Lazarus fo gbogbo ìyẹn. Ó dẹ ìdérí, ó fa okùn. Ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún fà á. Lọ́tẹ̀ yìí kò tilẹ̀ wúkọ́. Òógùn bò ó. Kó tó mọ̀, ó ti kàn án lórí, ó ti ń kọrin tọkàntọkàn, ó ti tẹrí ba.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ẹ́ńjìnì kò dáhùn.

"Ẹ yẹra fún mi," Ezekiel wí. Ó kẹ̀yìn sí Lazarus, ó ṣe nǹkan kan ní ìkọ̀kọ̀, ó fa okùn. Gbùrùrù. Ọkọ̀ gbọ̀n.

Inú Lazarus dùn, ó sì tún bà jẹ́.

"Ezekiel, kí lo ṣe?"

Ezekiel darí ọkọ̀ kúrò létí omi, ó kọjú rẹ̀ sí Èbúté Èrò. "Màá fẹnu ara mi sọ fún ẹgbẹ́ pé mo ti mọ̀ ọ́n."

"Mo ní kí lo ṣe?"

"Bùọ̀dá, ẹ lọ sọmọ yín lórúkọ. Tẹ́ ẹ bá padà dé, tí ẹgbẹ́ bá yàn yín ṣe akẹ́kọ̀ọ́, màá kọ́ yín."